Dúró Ládípọ̀ àti Eré Olórin

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìlù kì í dá rìn. Níbi tí ìlù bá ti dún, orin kò ní ṣàìsí níbẹ̀. Níbi tí orin bá sì wà, ẹsẹ̀ kì í gbélẹ̀. Bí egúngún bá jáde ní Òkèhò, ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ṣakí, kò sí ẹni tí ó lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí orin parí sí àti ibi tí ijó ti bẹ̀rẹ̀. Onílù ń fi ìlù kì í, àwọn obìnrin ilé ń lé orin, egúngún ń fi ẹsẹ̀ dá onílù lóhùn, àwọn tí ó wá wòran pàápàá a sì máa gbe orin. Síbẹ̀ ìgbà kan dé tí a ya àwọn nǹkan wọ̀nyí nípá: a fi orin sí ilé ìsìn, a fi ijó sí ìta gbangba, a sì fi ìtàn sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ wa yìí dá lórí ọkùnrin kan tí ó kó wọn jọ padà, tí ó sì fi wọ́n ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí irú rẹ̀ rí lórí ìtàgé. Orúkọ rẹ̀ ni Dúró Ládípọ̀, ọmọ Òṣogbo.

Kí a tó sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó bá nílẹ̀. Ìtàn kan tí a máa ń pa nípa orísun eré alárìnjó kò jìnnà sí wa rárá, nítorí pé ní Igbóho, ní ìhà àríwá Òkè-Ògùn, ni ó ti ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Tápà ti lé àwọn ará Ọ̀yọ́ kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, Igbóho ni àwọn Aláàfin fi ṣe ibùjókòó, ọba mẹ́rin ni a sì sin síbẹ̀. Nígbà tí ó kan Ọba Abípa, ó pinnu láti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Èyí kò dùn mọ́ àwọn ìjòyè nínú, nítorí pé wọ́n ti kọ́lé, wọ́n sì ti dáko sí Igbóho. Wọ́n bá dá ọgbọ́n kan. Wọ́n kó abuké, àfín, aràrá, adẹ́tẹ̀ àti arọ jọ, wọ́n ní kí wọ́n lọ fara pamọ́ sí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, kí wọ́n máa ké ní òru bí ẹni pé ọ̀rọ̀ inú igbó ni wọ́n, kí ẹ̀rù lè ba àwọn ìránṣẹ́ ọba. Ṣùgbọ́n ọba ti gbọ́ fínnífínní nípa ẹ̀tàn náà. Ó rán àwọn ọdẹ lọ, wọ́n sì mú gbogbo wọn wá sí ààfin. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pe ọba yìí ní Ọba Mọ́rọ̀, èyíinì ni ọba tí ó mú ọ̀rọ̀.

Àwọn onímọ̀ kan gbà pé láti inú ẹ̀tàn yìí ni eré egúngún onídán ti bẹ̀rẹ̀ ní ààfin Ọ̀yọ́. Láti ààfin ni ó ti bọ́ sí ìgboro, tí ó sì di iṣẹ́ àwọn alárìnjó, tí wọ́n ń rìn láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń di erè, tí wọ́n ń di ọ̀nì, tí wọ́n sì ń fi àjèjì ṣe ẹ̀fẹ̀. Eré yìí ti gbilẹ̀ kí ọ̀làjú àwọn Òyìnbó tó dé. Ní ọdún 1826, Hugh Clapperton àti Richard Lander gba Ṣakí kọjá lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé. Níwájú ààfin Aláàfin ni wọ́n ti wo irú eré bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí erè ńlá tí ó ń wọ́ nílẹ̀, wọ́n sì rí ẹnì kan tí ó múra bí Òyìnbó, tí ó ń rìn bí ẹni tí òtútù ń mú, tí àwọn ènìyàn sì ń rẹ́rìn-ín títí. Àwọn àlejò náà kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé wọn.

Kí ni ó wá ya orin, ijó àti eré nípá? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé ìsìn tuntun ni. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ìdáhùn náà, ṣùgbọ́n ìdí tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ wà nínú èdè wa fúnra rẹ̀. Ohùn mẹ́ta ni èdè Yorùbá ní: ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní dò, re, mí. Bí ohùn bá yí, ọ̀rọ̀ yí nìyẹn. Ọkọ ni baálé obìnrin; ọkọ́ ni àgbẹ̀ fi ń kọ ebè; ọkọ̀ ni a ń wọ̀ lọ sí ìrìn àjò; ọ̀kọ̀ sì ni jagunjagun ń jù. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn, ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nígbà tí àwọn oníwàásù dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n mú àwọn orin ìsìn ilẹ̀ wọn wá. Orin wọ̀nyí ti ní ohùn tiwọn tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò bá iye ìró wọn mu ni a kàn wá fún wọn. Nítorí náà, níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ gòkè, orin lè fà á wálẹ̀; níbi tí ọ̀rọ̀ bá sì ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, orin lè gbé e gòkè. Ẹni tí ń kọrin lè rò pé ọkọ́ ni òun ń dárúkọ, kí ó sì jẹ́ pé ọkọ̀ ni etí olùgbọ́ gbọ́. Ẹ wá wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ìlù dùndún kò ní ẹnu tí ó lè fi pe lẹ́tà. Ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ń sọ, bí onílù ti ń fún ọṣán rẹ̀ tí ó sì ń tú u. Bí orin bá ti kọ ohùn ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ìlù kò lè sọ ọ́ mọ́. Bí ìlù bá sì ti dákẹ́, ẹsẹ̀ kò ní ohun tí yóò dá lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni orin ṣe ya ìlù, tí ìlù sì ya ijó.

Kì í ṣe Dúró Ládípọ̀ ni ó kọ́kọ́ kíyè sí ìṣòro yìí. Ní Èkó, T. K. E. Phillips, ẹni tí ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé orin gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1944, Hubert Ògúńdé, ọmọ Ọ̀sọ̀sà, ti gbé eré olórin kan jáde ní Glover Memorial Hall ní Èkó fún ìjọ Aládùúrà kan. Eré náà dá lórí ìtàn ọgbà Édẹ́nì. Ògúńdé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì sọ eré di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ọ̀nà ti là díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ eré ìgbà náà, fèrè àti ohun èlò orin àwọn Òyìnbó ni ó ń ṣáájú; ìlù ìbílẹ̀ kò tíì padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejìlá ni a bí Dúró Ládípọ̀ ní Òṣogbo. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni baba rẹ̀ ní ìjọ Áńgílíkà. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ìgbà náà, ọmọ kò gbọdọ̀ lọ wo ọdún òrìṣà. Ṣùgbọ́n etí kì í gbọ́ ìlù kí ó di ara rẹ̀: ọmọ náà a máa yọ́ lọ, a sì máa fara pamọ́ fún baba rẹ̀ láti wo ọdún ìbílẹ̀. Báyìí ni ó ṣe dàgbà pẹ̀lú etí méjì: ọ̀kan mọ orin ìjọ dáadáa, èkejì sì mọ ìlù àti oríkì. Nígbà tí ó yá, ó di olùkọ́ ní ilé-ìwé ìjọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1960, ìjọ rẹ̀ ní kí ó ṣe orin kan sílẹ̀ fún ọdún Àjíǹde. Ládípọ̀ ṣe orin náà, ṣùgbọ́n ó mú ohùn orin ìbílẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì kó ìlù wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ariwo sọ. Àwọn àgbà ìjọ ní ìlù abọ̀rìṣà kò gbọdọ̀ dún nínú ilé Ọlọ́run. Kò yẹ kí a dá wọn lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu wọn, nítorí pé àwọn baba wa fúnra wọn ni wọ́n so ìlù mọ́ òrìṣà: bàtá ni ti Ṣàngó, ìgbìn ni ti Ọbàtálá, ìpèsè sì ni ti Ifá. Ẹni tí ó ti kọ Ṣàngó sílẹ̀ kò lè gbọ́ bàtá kí ọkàn rẹ̀ má ronú kan Ṣàngó. Ládípọ̀ ní tirẹ̀ gbà pé ìlù jẹ́ ohùn ènìyàn kí ó tó jẹ́ ohùn òrìṣà, àti pé bí ẹnì kan bá fẹ́ bá Yorùbá sọ̀rọ̀ Àjíǹde, kò sí ohùn tí yóò wọ̀ wọ́n lára tó o. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ yí padà nínú wọn. Nígbà tí àyè kò sí nínú ìjọ mọ́, Ládípọ̀ gbé orin rẹ̀ jáde.

Ní ọdún 1961, àwọn òǹkọ̀wé ọ̀dọ́ bí Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe àti Christopher Okigbo wà nínú ẹgbẹ́ kan tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn, tí wọ́n pè ní Mbari. Èdè Ìgbò ni orúkọ yìí. Ilé amọ̀ tí a fi ère ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún òrìṣà ilẹ̀ ni ó dúró fún. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Ládípọ̀ àti Ulli Beier, ọmọ Jámánì kan tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní ilẹ̀ wa, dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, nínú ilé ọtí tí Ládípọ̀ ní. Àwọn ará Òṣogbo kò mọ Mbari, ṣùgbọ́n etí Yorùbá kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá láìní ìtumọ̀. Wọ́n yí i sí “M bá rí, m bá yọ̀”, èyíinì ni pé bí mo bá rí i, inú mi yóò dùn. Láti ìgbà náà ni ó ti di Mbari Mbayọ̀. Ọjà kò jìnnà síbẹ̀, ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ ń wọlé wá wòran, a kì í sì í bi ẹnikẹ́ni bóyá ó mọ ìwé.

Eré tí Ládípọ̀ fi ṣí ilé náà ní ọdún 1962 ni Ọba Mọ́rọ̀, ìtàn Igbóho tí a ti sọ lókè. Ẹ̀yin ọmọ Òkè-Ògùn, ẹ kíyè sí èyí: nígbà tí ọkùnrin náà ń wá ohun tuntun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀, ìtàn ilẹ̀ yín ni ó mú. Ní ọdún 1963 ni ó gbé Ọba Kòso jáde, eré tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Ṣàngó ni ọba Ọ̀yọ́ nínú rẹ̀. Ó ní balógun méjì, Tìmì àti Gbọ̀nkáà, tí agbára wọn ti ju ohun tí ìlú lè gbà lọ. Àwọn ènìyàn kígbe sí ọba pé ogun ti sú wọn. Ṣàngó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, pẹ̀lú ìrètí pé ibẹ̀ ni yóò parí sí. Ṣùgbọ́n Tìmì, ọlọ́fà iná, di alágbára níbẹ̀. Ṣàngó bá rán Gbọ̀nkáà sí i. Gbọ̀nkáà ṣẹ́gun Tìmì, ó sì yíjú padà sí ọba. Nínú ìbínú, Ṣàngó pa nínú àwọn ènìyàn tirẹ̀. Ọya fi í sílẹ̀, ó di ẹni ẹ̀yìn, ó sì pokùn so. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ kọ̀, wọ́n ní ọba kò so.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí Gbọ̀nkáà pàdé Tìmì ní Ẹdẹ, kì í ṣe idà ni ó fi ṣẹ́gun rẹ̀, ọfọ̀ ni. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá gbọ́n jù ni yóò borí, ọfọ̀ náà sì fi oorun kun Tìmì títí ó fi ṣubú. Bí Ṣàngó bá ń bọ̀, bàtá ti sọ fún òǹwòran kí ó tó yọjú, ìlù ń ka oríkì rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń jẹ́ ẹ. Kò sí ibi tí a ti dá ìtàn dúró kí a lè kọrin, kò sì sí ibi tí a ti dá orin dúró kí a lè jó. Orin ni ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ni ìlù, ìlù ni ijó. Nítorí pé Ládípọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ìlù tún lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìlù sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ní ohun tí yóò dáhùn. Okùn tí ó já tún di síso. Ládípọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe Ṣàngó, iná a sì máa jáde lẹ́nu rẹ̀ lórí ìtàgé. Abíọ́dún aya rẹ̀ ni ó ń ṣe Ọya.

Àwọn Òyìnbó pẹ̀lú ti wá irú ìdàpọ̀ yìí kiri. Richard Wagner ti Jámánì, tí ó gbé ayé láti 1813 dé 1883, kọ̀wé pé orin, ewì àti ijó ti yapa, ó sì fi gbogbo ayé rẹ̀ wá bí wọn yóò ṣe padà di ọ̀kan. Ní ìlú Paris, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1913, Igor Stravinsky ti Rọ́ṣíà gbé orin oníjó kan jáde lórí ìbọ̀rìṣà àtijọ́ ilẹ̀ rẹ̀, ariwo àwọn òǹwòran sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo orin mọ́lẹ̀. Nítorí náà, wàhálà tí Ládípọ̀ rí nínú ìjọ kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ohun tí ó ti kú pẹ́ ni Stravinsky ń fi ọkàn rò, nígbà tí ohun tí Ládípọ̀ ń wá ṣì ń bẹ láàyè lẹ́nu àwọn onílù, àwọn oníṣàngó àti àwọn akígbe. Ó lè rìn lọ bá wọn, kí ó jókòó tì wọ́n, kí ó sì kọ́ ọ.

Ní ọdún 1964, ó ṣe Ọba Wàjà, lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1945, nígbà tí ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó dí olókùn ẹṣin lọ́wọ́ láti bá Aláàfin tí ó wàjà lọ. Ní ọdún yìí kan náà ni wọ́n gbé Ọba Kòso lọ sí Berlin. Ní ọdún 1965, wọ́n gbé e lọ sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1966, ó ṣe Mọ́remí. Wọn kò túmọ̀ orin wọn sí èdè ẹlòmíràn kí wọ́n tó kọ ọ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọrin, àwọn tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ sì yìn wọ́n, nítorí pé ohun tí etí kò gbọ́, ojú rí i lára oníjó.

Ìbéèrè kan kù tí ó yẹ kí a dáhùn. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a gbé ohun mímọ́ sórí ìtàgé, kí a sì gbowó lẹ́nu ọ̀nà? Ẹni tí ń sin Ṣàngó lè ní a fi òrìṣà òun ṣe ṣeréṣeré. Onígbàgbọ́ lè ní a ń mú ìbọ̀rìṣà padà bọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì wúwo. Ṣùgbọ́n ẹ wo Òkèhò. Ìletò mọ́kànlá ni ó para pọ̀ di ìlú náà, nítorí pé ogun kò jẹ́ kí olúkúlùkù lè dá dúró mọ́. Bí wọ́n ti di ìlú kan, ìletò kọ̀ọ̀kan kò gbàgbé orúkọ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìtàgé Ládípọ̀ ti rí nìyẹn. Ogun tí ó dojú kọ oríkì, ọfọ̀, ìlù àti ijó ni ìgbàgbé. Bí wọ́n ti kó sí abẹ́ òrùlé kan, wọ́n di eré, ṣùgbọ́n ojúbọ Ṣàngó ṣì jẹ́ ojúbọ, ṣọ́ọ̀ṣì sì ṣì jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí èyí tí eré náà gba ipò rẹ̀.

Dúró Ládípọ̀ kú ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta ọdún 1978. Abíọ́dún aya rẹ̀ kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà parun. Àwọn ẹlòmíràn náà ti gba ọ̀nà tiwọn lọ: Akin Euba, ọmọ Èkó, tí a bí ní 1935 tí ó sì kú ní 2020, fi ìlù Yorùbá àti ohun èlò orin àwọn Òyìnbó ṣe eré olórin kan tí ó pè ní Chaka, a sì ṣe é ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970.

A ti tẹ ọ̀rọ̀ Ọba Kòso sínú ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n kí ó má rò pé òun ti rí eré náà tán. Ìdajì rẹ̀ ni ó wà nínú ìwé; ìdajì yòókù wà lọ́wọ́ onílù àti lẹ́sẹ̀ oníjó, ìwé kò sì lè gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí ọmọ Àyàn tí ó mọ ohun tí bàtá ń wí bá kú láìkọ́ ẹnikẹ́ni, apá kan nínú Ọba Kòso ti bá a lọ. Nítorí náà, bí ìlù bá dún ní àdúgbò rẹ, má ṣe wo ijó nìkan. Súnmọ́ onílù, kí o sì bi í léèrè pé, “Baba, kí ni ìlù yín wí?” Ìbéèrè yìí ni Ládípọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, a kò sì tíì gbọ́ gbogbo ìdáhùn rẹ̀ tán.